Másùnmáwo Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìlera Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Irú ìbéèrè tí àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, àwọn tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe, àwọn ọ̀gá wọn àti àwọn ará ilé wọn máa ń béèrè ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ àrùn Kòrónà ló pọ̀ jù nínú ìdáhùn, torí òun ló kan gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n SARS, àrùn èémí tó jà ní 2003, àti Ebola ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú rẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á: òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́ tó ya ọ̀lẹ. Bí iṣẹ́ bá ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́, bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Kí ni másùnmáwo gan-an? Ṣé kì í ṣe pé ó kàn rẹ èèyàn ni?

Àárẹ̀ máa ń lọ béèyàn bá jẹun tó sì sùn dáadáa. Másùnmáwo máa ń bá èèyàn dé orí ibùsùn. Nígbà tí ohun tí iṣẹ́ ń béèrè bá ti ju agbára, àkókò àti ìrànlọ́wọ́ tó wà nílẹ̀ lọ, ọpọlọ á ta ara lólobó pé ewu wà. Omi ara tí wọ́n ń pè ní adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, èèyàn á máa mí gúlegúle, iṣan ara á le. Cortisol, omi ara míì, á tẹ̀ lé e, á mú kí ṣúgà pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ kí ara lè rí agbára lò. Gbogbo èyí dára fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí aláìsàn ò mí mọ́ tí ẹ ní láti sáré. Tí ara bá wá wà bẹ́ẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ibẹ̀ ni wàhálà wà: oorun á dín kù, orí á máa fọ́, inú á máa runi, èèyàn á máa gbàgbé nǹkan, ohun tí kò tó nǹkan á sì máa bíni nínú.

Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan bá le ni wọ́n máa ń já fáfá. Ṣé másùnmáwo ò wá lè ṣeni láǹfààní ni?

Ó lè ṣeni láǹfààní, àmọ́ ó níbi tó mọ. Ní 1908, Robert Yerkes àti John Dodson, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi eku ṣe ìdánwò. Nígbà tí ohun tí wọ́n ń kọ́ eku náà bá rọrùn, bí ìnira tí wọ́n fi ń tì í ṣe ń pọ̀ sí i ló ń tètè mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bá díjú, ìnira díẹ̀ ló ṣe é lóore. Tó bá ti le jù, ẹ̀kọ́ náà ò wọlé mọ́.

Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ní méjèèjì nínú. Kéèyàn sáré gbé ọ́síjìn wá, kó ti bẹ́ẹ̀dì, kó máa tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró, ìpáyà díẹ̀ lè mú kó yára. Ṣùgbọ́n kéèyàn ṣírò ìwọ̀n oògùn ọmọ kékeré, kó ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí, kó pinnu ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé lọ síbi ìtọ́jú àkànṣe, orí tó balẹ̀ lèyí ń fẹ́. Irú iṣẹ́ kejì yìí ló sì máa ń pọ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Ẹni tó ṣe bẹbẹ lóru ọjọ́ kan tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi iṣẹ́ ṣe tí àjàkálẹ̀ bá ti wọ oṣù kẹta. Èèyàn kan náà ni, ìmọ̀ kan náà ló ní.

Ikú àti wàhálà ò ṣàjèjì sí ilé ìwòsàn. Kí ló mú ti àjàkálẹ̀ yàtọ̀?

Àkọ́kọ́, ewu ọ̀hún ò yọ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹni tó ní àrùn ọkàn kì í bẹ̀rù pé òun á kó o lọ sílé. Nígbà Kòrónà, òbí tó ti dàgbà àti ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn kan ń bọ́ aṣọ sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé, àwọn kan ń dá sùn nínú yàrá ọ̀tọ̀, àwọn míì ò lọ sílé rárá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rù yìí nídìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé láti January 2020 sí May 2021, ó ṣeé ṣe kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí Kòrónà pa kárí ayé wà láàárín 80,000 sí 180,000. Iye tí wọ́n fi sáàárín ni 115,500. Nígbà SARS ní 2003, tó mú èèyàn bí 8,098, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Nígbà tí Ebola jà ní Gíní, Làìbéríà àti Sierra Leone láti 2014 sí 2016, òṣìṣẹ́ ìlera tó bá a lọ lé ní 500.

Èkejì, ìmọ̀ ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìlànà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́jọ́ Ajé lè ti yí kó tó di Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á kó nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ojú tàbí àwọn ọmọdé lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ tirẹ̀ bí ẹní mowó á wá di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sàn-án kan òru kan, níbi tí àṣìṣe kékeré ti lè la ẹ̀mí lọ. Ìtìjú wà nínú ìyẹn, àwọn èèyàn kì í sì í fẹ́ sọ ọ́ jáde.

Ẹ̀kẹta, ọwọ́ ò tó. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sọ pé nọ́ọ̀sì tó wà láyé tó mílíọ̀nù 27.9, àti pé ó ṣì ku mílíọ̀nù 5.9 kó tó kárí. Kòrónà bá àìtó yẹn nílẹ̀ ni. Bí ẹnì kan bá wá ṣàìsàn tàbí tí wọ́n ní kó lọ sé ara rẹ̀ mọ́lé, ẹrù rẹ̀ á já lé àwọn tó kù, àwọn náà á tún tètè ṣàìsàn.

Ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà, kì í tiẹ̀ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Àwọn aláìsàn tó kú láìsí mọ̀lẹ́bí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni wọ́n máa ń sọ. Ẹni tó fi ọwọ́ kan gbé fóònù síwájú ìyá arúgbó kí àwọn ọmọ lè dágbére, tó fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ ìyá náà mú, tí wọ́n sì ti ń pè é síbi bẹ́ẹ̀dì míì kó tó gbé fóònù sílẹ̀, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ bó ṣe máa ru ìyẹn.

Aṣọ ìdáàbòbò ló ń dá ẹ̀mí wa sí. Kí ló dé tí iṣẹ́ fi tún ń nini lára nínú rẹ̀?

Ó ń dá ẹ̀mí sí, ẹ má sì fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe rí nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra, ó ń wá iṣan tó máa gún lábẹ́rẹ́. Ìka tó máa ń fi mọ iṣan ò gbọ́ nǹkan dáadáa mọ́. Ooru ẹnu rẹ̀ ti bo awò tó fi dáàbò bo ojú, ó ní láti gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó rí ìlà ara sìríńjì. Ó béèrè iye oògùn lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ìbòmú wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ ń ké, ó ní láti tún un béèrè. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì mu omi láti ìgbà tó ti wọlé, torí kò fẹ́ kí ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n: tó bá jáde, gbogbo rẹ̀ ló máa bọ́, tó máa jù nù, tó máa wọ òmíràn, òmíràn sì lè má sí.

Ìgbà tí wọ́n bá ń bọ́ ọ lewu pọ̀ jù. Ara ìta ìbọ̀wọ́ àti ara ìta aṣọ ni kòkòrò wà, ìgbà tí agbára sì ti tán nínú èèyàn ló máa ń bọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ kan tí Ebola kọ́ wa ni pé kí ẹnì kan dúró síbẹ̀, kó máa wo ẹni tó ń bọ́ aṣọ, kó máa sọ fún un ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: fọ ọwọ́, tú okùn ẹ̀yìn, rọra ká a sínú, má fọwọ́ kan ojú, tún ọwọ́ fọ̀. Bí ọwọ́ bá ti ń fún lọ́dọ̀ yín, ẹ má ṣe kó ẹni yẹn lọ síbòmíì. Ó yẹ kí wákàtí tí ẹnì kan máa lò nínú aṣọ náà níye, kí ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kí aago tó lù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń kan iṣẹ́ mi?

Kì í bẹ̀rẹ̀ látorí ohun ńlá. Ohun kékeré tí ẹnikẹ́ni ò ní tètè kíyè sí ló kọ́kọ́ máa ń yingin. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 35 ní Amẹ́ríkà, wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń fọ ọwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣíìfù oníwákàtí 12 títí dé òpin rẹ̀. Nínú ìgbà ọgọ́rùn-ún tó yẹ kí wọ́n fọ ọwọ́, ó fi nǹkan bí ìgbà mẹ́sàn-án dín kù nígbà tí ṣíìfù ń parí lọ. Àwọn tó mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn fọ ọwọ́ ni o, omi àti ọṣẹ sì wà níbẹ̀. Orí tó ti rẹ̀ ló ń yọ ohun tó bá rò pé òun lè yọ.

Ní 2004, ìwádìí míì láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 12 àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ṣàṣìṣe ní ìlọ́po mẹ́ta ju ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kúrú lọ. Ní ti àìsùn, ìdánwò tó jáde ní 1997 fi hàn pé béèyàn bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ bíi tẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìwọ̀n tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń sọ pé kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́. A ò ní jẹ́ kí ẹni tó mutí fún aláìsàn ní oògùn. Ẹni tí kò tíì fojú kan oorun láti àná ńkọ́?

Torí náà, ẹ máa ṣọ́ ara yín. Ṣé ẹ̀ ń ka ìwé aláìsàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé yín? Ṣé ẹ̀ ń wọ yàrá oògùn, tí ẹ ò sì rántí ohun tí ẹ wá mú? Nígbà tí ẹ ń fa iṣẹ́ lé àwọn tó wọlé lọ́wọ́, ṣé ẹ dé ilé tán kí ẹ tó rántí pé ẹ ò sọ ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn? Ṣé ohùn yín ti ń le sí àwọn aláìsàn? Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni tí orúkọ aláìsàn bá ti kúrò lẹ́nu yín, tó wá di "bẹ́ẹ̀dì kẹfà" nìkan. Ọkàn ti ń jìnnà kí iṣẹ́ má bàa dùn ún mọ́. Bí ẹ bá rí i lára ẹnì kejì yín, ẹ má bá a wí níwájú èèyàn. Ẹ bá a mú ohun kan nínú iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Àmì kan wà tí àwọn ọ̀gá máa ń yìn dípò kó kọ wọ́n lóminú: ẹni tí ara rẹ̀ ò yá tó ṣì ń wá síbi iṣẹ́ torí kò fẹ́ kí ẹrù òun já lé àwọn yòókù. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà àjàkálẹ̀, ó lè kó o ran gbogbo wọ́ọ̀dù.

Ta ló ń kàn jù?

Àwọn tó sún mọ́ aláìsàn jù. Láti ìparí January sí ìbẹ̀rẹ̀ February 2020, àwọn olùwádìí fọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ ìlera 1,257 lẹ́nu wò ní ilé ìwòsàn 34 ní Ṣáínà. Ìdá 50.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì ìsoríkọ́, ìdá 44.6 ní àmì àníyàn, ìdá 34 ò rí oorun sùn dáadáa, ìdá 71.5 sì wà nínú ìdààmú ọkàn. Ó le jù lára àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn obìnrin, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn Kòrónà ní tààràtà àti àwọn tó wà ní Wuhan, ìlú tí àrùn náà ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìwádìí kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn: àwọn tó ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, àwọn tó ń ti aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́, awakọ̀ tó ń gbé aláìsàn wá, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbókùúsí. Afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń mí sínú. Nígbà tí ìbòmú bá wọ́n, àwọn ni wọ́n máa ń fún kẹ́yìn, bí wọ́n bá sì ń ṣèpàdé, kì í sẹ́ni tó máa rántí pè wọ́n. Ó yẹ kí ètò yòówù tẹ́ ẹ bá ṣe fún dókítà dé ọ̀dọ̀ tiwọn náà.

Wọ́n sọ fún mi pé iṣẹ́ ti tán mi lókun. Ṣé àìsàn nìyẹn?

Nínú ìwé ìsọ̀rí àìsàn ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022, wọn ò kà á sí àìsàn. Ohun tí ẹnu iṣẹ́ fà ni wọ́n pè é, èyí tó wá látinú másùnmáwo ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọn ò bójú tó. Àmì mẹ́ta ni wọ́n sọ: agbára á tán pátápátá, ọkàn á jìnnà sí iṣẹ́, tàbí kéèyàn máa fojú burúkú wò ó, èèyàn á sì rí i pé òun ò ṣe é dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1974, àwọn olùwádìí méjì, Christina Maslach àti Susan Jackson, sì gbé ìbéèrè 22 kalẹ̀ ní 1981 tí àwọn olùwádìí ṣì fi ń wọ̀n ọ́n dòní.

Mo fẹ́ràn ibi tí ìwé náà gbé ọ̀rọ̀ gbà, torí ó tọ́ka sí ẹnu iṣẹ́. Síbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kí ẹ má lọ rí dókítà. Ìsoríkọ́ jẹ́ àìsàn, ó sì lè fara pa mọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gba ìsinmi, tí ẹ jìnnà sí iṣẹ́, tí ohunkóhun ò sì dùn mọ́ yín síbẹ̀, ó yẹ kí ẹ lọ ṣàyẹ̀wò.

Mo ṣe gbogbo ohun tí mo lè ṣe, síbẹ̀ ẹ̀rí ọkàn ń dá mi lẹ́bi. Kí ló ń ṣe mí?

Jonathan Shay, dókítà tó tọ́jú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti ogun Vietnam bọ̀, ṣàkíyèsí pé ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ wọn lóró ju ẹ̀rù lọ. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n mọ̀ pé kò tọ́, tàbí kí wọ́n ti mú wọn lọ́wọ́ sí i, ẹni tó yẹ kó ṣe ohun tó tọ́ ló sì já wọn kulẹ̀. Ọgbẹ́ ẹ̀rí ọkàn ni mo máa ń pè é. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí ò kárí, tí ẹ mọ̀ pé ká ní ọjọ́ míì ni, ẹni yẹn ì bá rí ìtọ́jú gbà, irú ọgbẹ́ yẹn ló ń dá síni lára.

Wíwí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé "má ronú nípa ẹ̀ mọ́" ò ràn án lọ́wọ́. Kí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà jókòó tì í, kó bá a to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an: kí ló wà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn? Kí lo mọ̀ nígbà yẹn, yàtọ̀ sí ohun tó o mọ̀ báyìí? Ta ló pinnu? Ní ti àwọn aláṣẹ, mi ò rò pé ó yẹ kí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó dúró síbi bẹ́ẹ̀dì lóru dá pinnu ẹni tó máa rí ẹ̀rọ lò. Kí ìgbìmọ̀ ti kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀, kí dókítà àgbà tí kò sí lára àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn náà fọwọ́ sí i, kí orúkọ ẹni tó pinnu sì wà lákọsílẹ̀. Ẹrù wíwúwo ni, kì í ṣe ti èèyàn kan.

Ọ̀gá wọ́ọ̀dù ni mí. Mo ti ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí èèyàn ṣe ń fara da másùnmáwo, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣàròyé. Kí ló kù tí mi ò tíì ṣe?

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè, ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹrù bá ti ju orí tó ń rù ú lọ, kíkọ́ ọrùn bó ṣe máa dúró ṣánṣán ò ní kí ẹrù fúyẹ́.

Iye èèyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní 2002, olùwádìí kan, Linda Aiken, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde láti ilé ìwòsàn 168 ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Pẹ̀lú aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi kún iye tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú, ewu pé aláìsàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún á kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ewu pé iṣẹ́ á tán nọ́ọ̀sì lókun sì fi ìdá 23 pọ̀ sí i. Ẹ̀mí aláìsàn àti ara òṣìṣẹ́, ohun kan náà ló ń kan àwọn méjèèjì. Bí ẹ ò bá lè rí nọ́ọ̀sì kún wọn, ẹ wo iṣẹ́ tí ẹlòmíràn lè ṣe: ẹni tó máa gbé fóònù fún àwọn mọ̀lẹ́bí, ẹni tó máa ka ẹrù inú yàrá oògùn, ẹni tó máa kọ ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí ẹ lè dá dúró. Àwọn fọ́ọ̀mù kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kà láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹnu wọn tólẹ̀. Olùwádìí kan, Robert Karasek, ṣàlàyé ní 1979 pé iṣẹ́ tó ń béèrè púpọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, tí kò sì fún un láyè láti pinnu ohunkóhun, ló ń pani lára jù. Iṣẹ́ lè le kéèyàn sì ṣì lè fara dà á tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ nínú rẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ṣíìfù wọn ṣáájú, kí wọ́n lè bára wọn pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kó wọn lọ sí wọ́ọ̀dù míì. Ẹni tuntun tí wọ́n kó wá, ẹ so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó mọ ibẹ̀, ní orúkọ, kó mọ ẹni tó máa bi léèrè.

Tí ìlànà bá yí padà, ẹ sọ ọ́ fúnra yín, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ní àkókò kan náà, kí ẹ sì sọ ìdí. Tí ìbòmú bá ń tán lọ, ẹ sọ òótọ́. Ohun tó máa ń ba ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ jù ni kí wọ́n gbọ́ pé "ó wà" nígbà tí wọ́n ń wo àpótí tó ṣófo.

Ìkẹyìn, ẹni tó bá wá jẹ́wọ́ pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣi oògùn fún, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn yòókù. Bí ẹ bá fìyà jẹ ẹ́, àṣìṣe ò ní dín kù. Ẹ ò kàn ní gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́ ni.

Lẹ́yìn tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ṣé kí a fi dandan kó gbogbo wọn jọ kí kálukú sọ bó ṣe rí lára rẹ̀?

Rárá. Èrò rere ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé ìpàdé ẹlẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n ti ń fipá mú èèyàn sọ gbogbo ohun tó rí, kì í dáàbò bo ọkàn, ó sì lè dá kún ìṣòro àwọn kan. Ẹni tó bá fẹ́ sọ, ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá fẹ́, ẹ rí i pé ó jẹun, ó sinmi, ó sì mọ ẹni tó lè lọ bá. Kí ẹnì kan tún padà wá bi í léèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lójú oorun.

Kí ni mo lè ṣe fúnra mi lónìí, lẹ́nu iṣẹ́?

Ẹ mu omi kí ẹ tó wọ aṣọ ìdáàbòbò, kí ẹ sì jẹun tí wọ́n bá ní kí ẹ jáde. Ẹ má fi ìsinmi yẹn kọ ìwé. Oògùn tó léwu, ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì bá yín ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀, kó má wo ìdáhùn yín kó tó ní tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má gbára lé ìrántí. Bí ẹ bá ti ń parí ṣíìfù, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ lórí ọwọ́ fífọ̀ àti lórí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ yan ẹnì kan tí ẹ ó jọ máa ṣọ́ ara yín. Ojú ẹlòmíràn máa ń rí àárẹ̀ yín kí tiyín tó rí i. Tí ẹ bá délé, ẹ gé ìròyìn kù, ní pàtàkì kí ẹ tó sùn. Ẹ má fi ọtí wá oorun: ó lè tètè gbé yín lọ, àmọ́ ó ń fọ́ oorun náà sí wẹ́wẹ́ lóru.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Tó bá ti dé, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣé mo ti ṣẹ̀ ẹ́ ni?

Bóyá ni, arákùnrin. Ẹni tó ti fi ọjọ́ gbogbo gbọ́ igbe àti ariwo ẹ̀rọ máa ń fẹ́ ibi tó dákẹ́. Ẹ má fi ìbéèrè pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gbọ́ oúnjẹ, ẹ wẹ àwọn ọmọ, ẹ dí ariwo mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń sùn lọ́sàn-án. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ má tètè wá ojútùú sí i, ẹ ṣáà gbọ́. Ẹ sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ àdúgbò. Nígbà Kòrónà, onílé lé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jáde níbòmíì, wọ́n kọ̀ láti gbé wọn nínú ọkọ̀. Láàárín February sí July 2020 nìkan, àjọ Red Cross àgbáyé gbọ́ nípa ìgbà tó lé ní 600 tí wọ́n hùwà ipá sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, sí aláìsàn àti sí ilé ìwòsàn nítorí Kòrónà.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa, wọ́n pè wá ní akọni. Ṣé kò yẹ kí ìyẹn gbé wa ró?

Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Olùwádìí kan, Johannes Siegrist, ṣàlàyé ní 1996 pé ara máa ń san án nígbà tí ìsapá bá pọ̀, tí ohun tó ń padà wá sọ́dọ̀ ẹni ò sì tó nǹkan: owó, ọ̀wọ̀, ìdánilójú pé iṣẹ́ ò ní bọ́. Bí wọ́n bá ń pe èèyàn ní akọni, ó tiẹ̀ lè nira fún un láti sọ pé ó ti rẹ òun. Ẹ san owó wọn lásìkò, kí ẹ sì fún wọn ní ìsinmi tó tọ́ sí wọn.

Ìgbà wo ni kí n wá ìrànlọ́wọ́?

Bí oorun ò bá wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí ẹ bá ń sunkún láìmọ ohun tó fà á, bí ohun tí ẹ rí bá ń padà wá síwájú yín lọ́sàn-án gangan, bí ẹ ò bá lè sùn láìmu nǹkan. Bí ó bá tiẹ̀ dà bíi pé ó sàn kí ẹ má sí láyé mọ́, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, dókítà, ará ilé tàbí ọ̀rẹ́, kí ẹ sì má dá wà lóru yẹn.

Ìbẹ̀rù pé wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni ti pa ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera lẹ́nu mọ́. Ní April 2020, Lorna Breen, dókítà pàjáwìrì ní New York, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tó ti tọ́jú àwọn aláìsàn Kòrónà tí òun náà sì ti ṣàìsàn náà. Àwọn ará ilé rẹ̀ sọ pé ó bẹ̀rù pé òun lè pàdánù iṣẹ́ tóun bá gba ìtọ́jú. Ní March 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó ń náwó sórí ìlera ọpọlọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nípò àṣẹ, ẹ wo fọ́ọ̀mù tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ń kọ: bó bá ń béèrè bóyá èèyàn ti gba ìtọ́jú ọpọlọ rí láyé rẹ̀, ẹ yọ ìbéèrè yẹn kúrò. Ohun tó kàn yín ni bóyá ó lè ṣiṣẹ́ náà láìséwu báyìí.

Àjàkálẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Kí ló dé tí kò tíì tán lára mi?

Torí ara kì í bá ìkéde rìn. Ní May 5, 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì àgbáyé mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn SARS, àwọn olùwádìí lọ bá òṣìṣẹ́ 769 ní ilé ìwòsàn 13 ní Toronto àti Hamilton, ìlú méjì ní Kánádà, ní oṣù 13 sí 26 lẹ́yìn tí àrùn náà lọ. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti tọ́jú SARS ni iṣẹ́ ṣì tán lókun jù, àwọn ló dín wákàtí iṣẹ́ wọn kù, tí wọ́n sì ń yẹra fún aláìsàn. Àwọn tó gbà pé wọ́n kọ́ àwọn níṣẹ́ dáadáa, tí wọ́n sì dáàbò bo àwọn nígbà náà, ni kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, ẹ má bínú sí ara yín. Bí ìsinmi tí wọn ò fún yín nígbà yẹn bá ṣì wà nínú ìwé, ẹ lọ béèrè fún un. Bí ẹ bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fúngbà díẹ̀ tí ẹ sì fẹ́ padà, ẹ bẹ ọ̀gá yín kí ẹ máa fi wákàtí díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní wọ́ọ̀dù tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ má tíì gba ṣíìfù òru. Ọ̀gá tó bá sì ń ka iye òṣìṣẹ́ tó kù, kó ka àwọn tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ látìgbà náà pẹ̀lú, kó pè wọ́n, kó sì bi wọ́n léèrè ohun tó lé wọn lọ.